Ọdún Gbogbo Tí Mo Fi Ń Wo Oorun Búlúdọ́ọ̀gì

Bí ẹ bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, n óò sọ fún yín pé ajá tó ń sùn ni mo ń wò. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tí mo ti sọ ọ́ fún ló rẹ́rìn-ín, títí kan ọkọ mi tó jẹ́ awakọ̀ tírótìrò, bọ́ọ̀sì akérò ìlú Accra, tó sì yẹ kó mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí kò ní wàhálà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dààmú kiri lórí iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi. Iṣẹ́ tí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Darkuman, àdúgbò wa, ló padà gba ohun tí mo ń wá láti ìgbà èwe mi fún mi. Ohun náà kò sì ju pé kí bàbá mi gba omi lọ́wọ́ mi kó mu ún.

Sìkírátù ni orúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, Accra ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi, Alhaji, ń ra irin àlòkù, ó sì ń tà á ní ọjà Agbogbloshie. Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣeré. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Bó bá ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń gbé omi tútù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Á mu ún tán, á ní kí n tún bù ú wá, á sì gbàdúrà fún mi kó tó bọ́ bàtà. Kò sí ọmọ ilé wa tí kì í jowú mi nítorí iṣẹ́ yẹn.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ mi kò ní ìtàn nínú. Obìnrin Gàá kan wà nítòsí wa tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Dédé. Ó ń sin ajá tà, ó sì ń bá àwọn tó bá rìnrìn àjò tọ́jú tiwọn. Òun ń wá ẹni tó máa gbálẹ̀, èmi ń wá iṣẹ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ kì í yẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn.

Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ nílé lẹ ò bá wà níbẹ̀.

"Ajá?" ni bàbá mi wí. "Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà ní Accra, ajá lo rí?"

"Bàbá, n óò máa wẹ̀ kí n tó wọlé."

"Máa wẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bí o bá fẹ́, lọ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, n kò ní mu omi lọ́wọ́ rẹ mọ́."

Mo rò pé ìbínú ni, pé á rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀ o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wẹ̀ bí ẹni fẹ́ bó, mo gbé omi pàdé rẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ké sí Múfútáù àbúrò mi pé kó bu omi wá. Ó dùn mí wọra. Àlùfáà àdúgbò wa tiẹ̀ bá a sọ ọ́, ó ní ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí ara ajá, pé bí ọmọ bá ti wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó tán. Bàbá mi ní kí àwọn onímọ̀ máa bá àríyànjiyàn wọn lọ, òun ò ní mu ún. Ìyá mi ló ń pẹ̀tù sí mi nínú. Á ní, "Omi téèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀." Mo máa ń dá a lóhùn pé èmi kọ́ ló yẹ kó sọ ọ́ fún.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti Àǹtí Dédé, nítorí ẹni tó bá sọ pé ọ̀gá òun le, kò tíì rí obìnrin yìí. Mo rò pé ìgbálẹ̀ ni màá dì mú. Ó fún mi ní àpótí ìjókòó kékeré kan, ó gbé e síwájú ilé àwọn ajá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní kí n jókòó kí n máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn. N kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà, bí mo bá sì tòògbé, ọwọ́ ìgbálẹ̀ ló fi ń kàn mí lórí. "Kwẹmọ!" lá sọ. "Wò ó" nìyẹn lédè Gàá. Kwẹmọ láàárọ̀, kwẹmọ lọ́sàn-án. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi kọ́ mi níṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan yẹn lọ.

Bó bá dé, á bi mí: "Aláta, èwo ló ń lálàá nínú wọn?" Aláta ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwa Yorùbá.

"Ìyẹn, Àǹtí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n."

"Èwo ni ara ń ro?"

N kò mọ̀. Á ní kí n padà lọ jókòó. Bó ṣe rí nìyẹn títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Àlùséṣàn máa ń fi etí kan sílẹ̀ bó bá ń sùn. Bí ẹnìkan bá ṣí géètì, etí yẹn ló kọ́kọ́ jí. Ajá tó bá ká ara rẹ̀ jọ, tó ti imú bọ abẹ́ ìrù, òtútù ọyẹ́ ló ń mú un. Èyí tó bá dojú ikùn sókè, tó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú ilé yẹn ni, kò sì kú o, bó ti wù kí àlejò máa pariwo. Àǹtí Dédé tún ní òfin kan tí kò ṣe é rú: a kì í fọwọ́ kan ajá lójú oorun láìkọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. Ó ní ajá tí wọ́n bá fọwọ́ kàn lójijì, eyín ló fi ń dáhùn.

Búlúdọ́ọ̀gì ló wá jẹ́ olórí ẹ̀kọ́. Ẹ ti rí i rí: ajá tí imú rẹ̀ wọnú, tí ojú rẹ̀ hunjọ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, tí àyà rẹ̀ gbòòrò. Oorun ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ajá tó fẹ́ràn oorun tó o. Ṣùgbọ́n nítorí pé imú rẹ̀ kúrú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há, ojú oorun ni wàhálà rẹ̀ sì wà. Ó máa ń hanrun débi pé ẹni tó ń kọjá lójú títì á yíjú. Àwa èèyàn ibí yìí, Gàá ni o, Yorùbá ni o, bí a bá ti gbọ́ pé ẹnìkan ń hanrun, ohun tí à ń sọ ni pé oorun dùn mọ́ ọn. Àṣìṣe yẹn ló dá jàǹbá tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

Bàbá arúgbó kan ní Jamestown, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ní búlúdọ́ọ̀gì kan tó ń jẹ́ Sájẹ́ńtì. Ajá náà nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Ó fẹ́ lọ síbi ìsìnkú ní Kumasi, ó sì gbé Sájẹ́ńtì wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èmi àti Àǹtí Dédé lọ ra àpò kòkó tí à ń tẹ́ fún àwọn ajá. A fi Kofi sílẹ̀, ọkùnrin tó ń bá wa se oúnjẹ wọn. Ọmọlúàbí ni Kofi. Ó rí i pé oòrùn mú, àánú Sájẹ́ńtì ṣe é, ló bá gbé e wọ yàrá tí à ń kó oúnjẹ sí, ó tan fáànù fún un, ó sì ti ilẹ̀kùn kí eṣinṣin má bàa wọlé. Kò pẹ́ ni iná lọ.

Nígbà tí a dé, Kofi ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì. "Chale, ọ̀rẹ́ mi, Sájẹ́ńtì hanrun lónìí o! Bíi lọ́rì tó ń gun òkè! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni. Oorun ti wọ̀ ọ́ lára."

Àǹtí Dédé ju àpò sílẹ̀, ó sáré. Inú yàrá yẹn gbóná bí ààrò. Sájẹ́ńtì nà sílẹ̀, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé etí abọ́ oúnjẹ kan. Ó ti kú. Mo ń wò ó, n kò lóye ìdí tó fi sùn sórí abọ́. Àǹtí Dédé ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Ó ń wá ohun tó máa gbé ọrùn rẹ̀ sókè kí èémí lè ráyè wọlé. Ìhanrun tí Kofi gbọ́ yẹn, ìjàkadì ni." Kò bú Kofi, kò nà án. Ó tú gèlè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Nígbà tí tíṣà náà dé láti Kumasi, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá a ní Jamestown. Mo tẹ̀ lé e. Bàbá náà kò pariwo. Ó kàn ń bi wá pé ṣé ó jẹun dáadáa kó tó kú. Títí dòní, ìbéèrè yẹn ṣì ń dùn mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti sọ oorun búlúdọ́ọ̀gì di iṣẹ́ tí a ń ṣe pẹ̀lú gbogbo ọkàn. Mo ń tẹ́tí sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sán. Mo wá mọ̀ pé ìhanrun tó ń lọ geere kò ní wàhálà. Èyí tó ń lọ sókè, tó wá dákẹ́ lójijì, tí ajá náà á tún mí gúlẹ́ bí ẹni tó yọ lábẹ́ omi, ìdákẹ́ àárín yẹn ni ká bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé bó bá ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ kó tó sùn, ilẹ̀ tútù ló ń wá. Alhaja kan tiẹ̀ fẹ́ lé tirẹ̀ síta nítorí pé ó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́. Ó ní sàréè ló ń gbẹ́, pé ó ń pe ikú sílé. Mo ní, "Alhaja, ooru ló mú un." Mo bá a tẹ́ àpò kòkó tí a rẹ sómi sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀. Ajá ò gbẹ́lẹ̀ mọ́, Alhaja sì ṣì wà láyé, ó ń bá àwọn aládùúgbò jà.

Ohun tí mo fi ń yangàn jù ni ìrọ̀rí. Mo mú fóòmù, mo gé e ní ìdábùú, mo rán an kí iwájú rẹ̀ ga díẹ̀, kí ajá lè gbé àgbọ̀n lé e láìjẹ́ pé ó ń wá abọ́ kiri. Àǹtí Dédé yẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i padà, ó ní, "Aláta, o ti wò ó." Ẹnu rẹ̀ kò mọ ìyìn, nítorí náà inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Àwọn tó ní búlúdọ́ọ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ibi gbogbo ní Accra. Láti ìgbà Sájẹ́ńtì títí mo fi fẹ̀yìntì, kò sí èyí tó kú sójú oorun mọ́ nínú ọgbà wa. Bó bá jẹ́ ìfọ́nnu, ẹ jẹ́ kí n fọ́n ọn, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Àpò kòkó di táìlì àti fóòmù, fáànù di ẹ̀rọ amúlétutù. Nísinsìnyí, kámẹ́rà wà lórí ògiri, ẹni tó ní ajá lè wà lókè òkun kó máa wo ajá rẹ̀ bó ṣe ń sùn lórí fóònù. Mo fẹ́ràn kámẹ́rà o, kì í tòògbé. Àmọ́ ẹ ṣì máa jókòó ti àwọn ajá náà. Àǹtí Dédé fi ọgbà náà lé mi lọ́wọ́ kó tó papò dà, èmi náà sì ti fà á lé Kofi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Kofi yẹn. Kò sí ẹni tó mọ ìhanrun tó o ní Darkuman lónìí.

Ẹ máa bi mí pé omi ńkọ́? Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bàbá mi kò mu ún. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mo kúnlẹ̀ mo gbé omi fún un bí ìyàwó ṣe ń ṣe. Ó gbà á, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣàdúrà tó gùn fún mi. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Omi náà wà níbẹ̀ títí àlejò fi túká.

Ní àwọn ọdún dúmsọ̀, nígbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, bàbá mi ti darúgbó, ó sì ti sanra. Lọ́sàn-án Àìkú kan, èmi àti ọkọ mi lọ kí i. Múfútáù pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka lé ẹnu.

"Alhaji ń sùn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Oorun ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn."

Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Ìhanrun náà lọ sókè, lọ sókè, ó sì dákẹ́. Mo dúró. Ìdákẹ́ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi mí gúlẹ́. Mo wọlé, mo sì rí i lórí àga gígùn rẹ̀. Ó ti yọ́ kúrò lórí ìrọ̀rí, ó gbé àgbọ̀n lé apá àga. Abọ́ Sájẹ́ńtì ni mo rí.

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń sùn báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pẹ́. Kódà ní ṣọ́ọ̀bù, á máa ná ọjà lọ́wọ́, oorun á gbé e lọ. Orí ń fọ́ ọ láràárọ̀. Ọjọ́ ogbó ni." Ó rí i pé mo ń sún mọ́ àga, ó sì di ọ̀nà. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ mọ̀ pé kò fẹ́ ọwọ́ tó ń kan ajá. A kì í sì í jí àgbà lójú oorun."

"Múfútáù, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kúrò lọ́nà."

Mo kọ́kọ́ pè é, bí Àǹtí Dédé ṣe kọ́ mi. "Bàbá! Bàbá o!" Kò dáhùn. Èémí ti tún dá, ètè rẹ̀ sì ń di dúdú. Mo ti ọwọ́ mi méjèèjì bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo gbé e sókè, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́. Èémí ya wọlé pẹ̀lú ariwo. Ó la ojú. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ rí.

"Ta ló fọwọ́ kàn mí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Sìkírátù. Ọwọ́ yẹn?"

"Ọwọ́ yẹn náà ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Ṣé ẹni tó sùn ni wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù?"

Mo dọ̀bálẹ̀, ohun tí obìnrin kì í ṣe, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ bínú sí mi títí láé. Ẹ má mu omi mi láéláé. Àmọ́ ẹ wọ mọ́tò." Ẹkún ló gba ẹnu mi. Ó wò mí títí, ó sì nawọ́ mú fìlà rẹ̀. Tírótìrò ọkọ mi ló gbé e lọ, òun nìkan níwájú, àwa yòókù lẹ́yìn.

Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi wá bó ṣe ń sùn. Múfútáù ní ó ń hanrun dáadáa. Èmi wá ṣàlàyé bí ìhanrun ṣe ń lọ sókè, bó ṣe ń dá, bí èémí ṣe ń padà, àti ibi tó gbé àgbọ̀n lé. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

"Màmá, nọ́ọ̀sì ni yín?"

"Rárá o. Níbi iṣẹ́ mi ni mo ti ń rí i."

"Iṣẹ́ wo?"

Mo wo ojú bàbá mi. Nínú èdè wa, èébú wo ló wúwo ju kí ọmọ fi bàbá rẹ̀ wé ajá? Bàbá mi ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Ajá ló ń tọ́jú. Sọ fún un."

"Búlúdọ́ọ̀gì ni, dókítà," ni mo wí.

Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi le. Ó ní ohun kan náà ni: ọ̀fun ló ń pa dé lójú oorun, ọkàn sì ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ó ní bó bá pẹ́ sí i, ó lè sùn kó má jí. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú bó bá ń sùn. Ó ní kó máa sùn ní ẹ̀gbẹ́, kí orí rẹ̀ ga, àgàgà bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Nítorí náà," ó ní, "bí ajá ni mò ń sùn?"

Múfútáù ń wo ilẹ̀.

"Bàbá," ni mo wí, "bí ajá olówó ńlá ni."

Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo wa sì bá a rín, nọ́ọ̀sì ń wá wò wá.

Mo rán ìrọ̀rí kan fún un kó tó kúrò níbẹ̀, tuntun gbáà, mo fi lẹ́ẹ̀sì tó dára jù lọ nínú àpótí mi bò ó. Ó bi mí bóyá ti ajá ni. Mo ní ajá kankan ò tíì wọ lẹ́ẹ̀sì rí.

Lọ́jọ́ tí a mú un padà sílé, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà ọgbà ni mo ti wá bá wọn, irun ajá ṣì wà lára aṣọ mi. Múfútáù gbé omi tútù wá fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá mi kò na ọwọ́.

"Gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Múfútáù gbé ife náà fún mi. "Bàbá, n kò tíì wẹ ọwọ́."

"Ṣé mo ní kí o wẹ̀ ẹ́?"

Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ṣe bísímílà, ó mu ún tán pátápátá, ó sì na ife òfìfo sí mi.

"Tún bù ú wá," ni bàbá mi wí.